Sí Olóòtú: Àyè òfìfo lè tẹ̀, àmọ́ kì í ṣe nínú ayé oníhà mẹ́ta

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti fèsì sí àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí nípa òòfà àti èrò Albert Einstein pé títẹ̀ àyè àti àkókò ni òòfà. Inú mi dùn gan-an pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní èdè Yorùbá, mo sì ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gbólóhùn kan péré ni n kò lè gbójú fò, èyí tó sọ pé níbi tí kò bá ti sí ohun kankan tó ní ìwúwo, àyè a máa wà ní pẹrẹsẹ, kò ní tẹ̀ rárá. Gbólóhùn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Irú ayé kan wà tí ó ti jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ayé náà kì í ṣe tiwa. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ nínú tiwa ni, òṣùpá kò ní máa yí ilẹ̀ ayé po, nítorí pé òfìfo ló pọ̀ jù láàárín àwọn méjèèjì, òfìfo náà sì ni òòfà ń gbà kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ òṣùpá.

Mo rò pé àwòrán tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpilẹ̀kọ náà ló bí àṣìṣe yìí, n kò sì dá ẹni tó kọ ọ́ lẹ́bi, torí àwòrán yìí kan náà ni a ń rí níbi gbogbo: awọ rọ́bà tí wọ́n nà gbọnrangandan, bọ́ọ̀lù ńlá tí wọ́n gbé lé àárín rẹ̀ tí awọ náà sì jin kòtò, àti bọ́ọ̀lù kékeré tó ń yí po létí kòtò náà. Èmi pẹ̀lú ti fi í kọ́ àwọn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan na ọwọ́ sókè tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló ń fa bọ́ọ̀lù kékeré yẹn wọ inú kòtò?" Mo ní òòfà ni. Ó ní, "Sà, ṣebí òòfà ọ̀hún náà lẹ ń ṣàlàyé fún wa lọ́wọ́?" N kò rí èsì kankan fún un lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí mo padà lọ jókòó ti ìdọ́gba Einstein gan-an, ìyẹn ìṣirò tó fi so ìwúwo mọ́ títẹ̀ àyè, ni mo tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bí ọmọ yẹn ti rò lọ. Ojú awọ náà jẹ́ àyè tó ní ìhà méjì péré, bí a bá sì ka àkókò mọ́ ọn, ó di mẹ́ta. Nínú ayé tó bá jẹ́ oníhà mẹ́ta bẹ́ẹ̀, ìdọ́gba Einstein kò fi ọ̀nà kankan sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù ńlá láti fa bọ́ọ̀lù kékeré. Àwòrán tí a fi ń ṣàlàyé òòfà wá jẹ́ àwòrán irú ayé kan tí kò ti sí òòfà bẹ́ẹ̀.

Ìhà ni mo ń pe ọ̀nà kọ̀ọ̀kan tí nǹkan lè gbà sún: iwájú àti ẹ̀yìn jẹ́ ọ̀kan, ọ̀tún àti òsì jẹ́ ọ̀kan, òkè àti ìsàlẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, onímọ̀ ìṣirò Hermann Minkowski sì kọ́ wa lọ́dún 1908 pé kí a ka àkókò mọ́ wọn, kí ó di mẹ́rin. Àyè-òun-àkókò tiwa jẹ́ oníhà mẹ́rin nìyẹn. Ayé oníhà mẹ́ta tí mo ń sọ ní ìhà méjì fún àyè àti ọ̀kan fún àkókò, bí ẹni pé gbogbo ẹ̀dá ń gbé lójú pátákó kan tí kò ní òkè, tí kò sì ní ìsàlẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé àyè kan tẹ̀, nígbà tí kò sí ẹni tó lè jáde kúrò nínú rẹ̀ láti wò ó láti òde? Onímọ̀ ìṣirò Carl Friedrich Gauss dáhùn ìbéèrè yìí lọ́dún 1827 fún ojú ohun oníhà méjì: ẹni tó wà lójú rẹ̀ lè fi ìwọ̀n tí ó bá wọ̀n níbẹ̀ nìkan mọ bí ó ṣe tẹ̀ tó. Ẹ mú bọ́ọ̀lù kan, kí ẹ fa ìlà yí àárín rẹ̀ ká, kí ẹ sì fi àmì sí orí rẹ̀ lókè téńté. Ẹ fi ìka mú igi ìṣáná kan sí orí ìlà àárín náà, kí orí rẹ̀ kọjú sí òkè. Ẹ máa gbé e lọ tààrà sí òkè téńté láìyí i rárá. Láti ibẹ̀, ẹ yà sí ọ̀tún, kí ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ tààrà dé ìlà àárín. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ̀ lé ìlà náà padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Orí igi ìṣáná tó kọjú sí òkè nígbà tí ẹ ń lọ yóò kọjú sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ẹ bá dé, ìyàtọ̀ 90 dígíríì gbáko, bẹ́ẹ̀ ẹ kò yí i nígbà kankan. Bí ẹ bá ṣe irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lójú bébà tí ẹ tẹ́ sórí tábìlì, igi náà yóò padà wá gẹ́lẹ́ bí ó ṣe lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ni a ń pè ní ìtẹ̀.

Nígbà tí Bernhard Riemann sọ̀rọ̀ ní Göttingen lọ́dún 1854, ó mú èrò Gauss kọjá ìhà méjì dé iyekíye ìhà tí ènìyàn bá fẹ́. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé bí ìhà bá ti ń pọ̀, iye ìrìn àyíká tí a lè rìn náà ń pọ̀, nọ́ńbà kan ṣoṣo kò sì lè sọ gbogbo ìtẹ̀ náà mọ́. Àkójọ àwọn nọ́ńbà tó ń sọ ọ́ ni a ń pè ní tẹ́ńsọ̀ Riemann. Kíka iye nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀ kò le: ẹ mú iye ìhà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ fi èyí tó jáde sọ ìlọ́po pẹ̀lú òun fúnra rẹ̀ tí a ti yọ ẹyọ kan kúrò lára rẹ̀, kí ẹ sì pín gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà 12. Fún ìhà mẹ́rin, 16 nígbà 15 jẹ́ 240, bí a bá sì pín in, a ó rí 20. Fún ìhà mẹ́ta, 9 nígbà 8 jẹ́ 72, tí yóò fún wa ní 6. Ìhà méjì ní ẹyọ kan péré, èyí tí Gauss ti mọ̀. Ìhà kan ṣoṣo kò ní ìkankan. Okùn tí a ká jọ lè dà bí ohun tó tẹ̀ lójú wa, ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń rìn lórí okùn náà láìrí òde kò lè mọ̀ láéláé.

Ibi tí mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín fara balẹ̀ sí jù nìyí. Ìdọ́gba tí Einstein gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1915 kò sọ̀rọ̀ nípa gbogbo tẹ́ńsọ̀ Riemann. Apá kan rẹ̀ ló mú, èyí tí a fi sọrí Gregorio Ricci-Curbastro, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì; tẹ́ńsọ̀ Ricci ni orúkọ rẹ̀, àròpọ̀ kan ló sì jẹ́ lára àwọn nọ́ńbà Riemann. Níbi tí ohun tó ní ìwúwo tàbí agbára bá wà, ìdọ́gba náà sọ bí Ricci yóò ti rí; níbi tí kò bá sí ìkankan, ó sọ pé Ricci gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ayé oníhà mẹ́rin, Ricci ní nọ́ńbà 10, Riemann sì ní 20. Nígbà tí 10 bá ti di òdo, 10 mìíràn ṣì wà tí ìdọ́gba náà kò pa. Àwọn 10 yìí ni tẹ́ńsọ̀ tí a fi sọrí onímọ̀ ìṣirò Hermann Weyl, nínú wọn ni òòfà ń gbé nígbà tó bá wà nínú òfìfo. Nínú ayé oníhà mẹ́ta, Ricci ní 6, Riemann náà sì ní 6. Bí Ricci bá ti di òdo, kò sí ohun tó ṣẹ́kù. Weyl kò sí níbẹ̀ rárá, òfìfo sì gbọ́dọ̀ wà ní pẹrẹsẹ.

Kí ó má baà dà bíi pé iye lásán ni mo ń kà, ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ń jábọ́ ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ tí a tò jọ róbótó lókè ilẹ̀ ayé, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, tí a sì jọ̀wọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ ju àwọn tó wà lókè lọ, nítorí náà wọ́n ń yára jù wọ́n lọ. Àwọn ti ẹ̀gbẹ́ ń fì díẹ̀díẹ̀ sí àárín, torí pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn ń forí lé. Róbótó náà á wá gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, á sì fún lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n àyè tó gbà kò ní yí padà níbẹ̀rẹ̀, torí pé ìnà tó wà lókè-sísàlẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìfún tó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan nínú ìhà méjì tó kù. Bí a bá pe ìnà ní 2, tí a pe ìfún kọ̀ọ̀kan ní 1 tí a ó yọ kúrò, àròpọ̀ wọn jẹ́ òdo. Àròpọ̀ tó jẹ́ òdo yẹn jẹ́ ara ohun tí Ricci ń sọ. Ìnà àti ìfún fúnra wọn ni Weyl. Wọ́n wà níbẹ̀ gbangba nínú òfìfo, àwọn náà ló sì ń mú kí omi òkun kún, kí ó sì fà, nígbà tí ilẹ̀ ayé bá ń yí lábẹ́ òṣùpá.

Ẹnì kan lè wá bi mí pé: nínú ayé oníhà mẹ́ta ńkọ́, ṣé kò lè jẹ́ pé ìnà 1 wà ní ìhà kan, tí ìfún 1 wà ní ìhà kejì, kí àròpọ̀ wọn ṣì jẹ́ òdo? Ìbéèrè tó dára gan-an ni, ó sì gbà mí lákòókò kí n tó rí ìdáhùn rẹ̀. Àwọn ìdọ́gba Ricci yòókù ni kò gbà. Nínú ayé bẹ́ẹ̀, ìtẹ̀ àyè fúnra rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, ìdọ́gba kan sì sọ pé ìnà ti ìhà kìn-ín-ní gbọ́dọ̀ bá nọ́ńbà náà dọ́gba, nígbà tí òmíràn sọ pé ti ìhà kejì náà gbọ́dọ̀ bá a dọ́gba. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ iye kan náà nìyẹn, àròpọ̀ wọn sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Òdo nìkan ló lè ṣe méjèèjì. Nínú ayé tiwa, ìtẹ̀ àyè ju nọ́ńbà kan lọ, ọ̀kan lè bo àléébù èkejì, ìdí nìyẹn tí ìnà àti ìfún fi rí ibi fara pamọ́ sí.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé Newton kò ní rí irú ìṣòro yìí. Bí a bá mú òfin òòfà Newton sí ojú pátákó oníhà méjì, àwọn ohun tó ní ìwúwo yóò ṣì máa fa ara wọn. Kìkì bí agbára náà ṣe ń dínkù pẹ̀lú ìjìnnà ni yóò yí padà. Ti Einstein ni kò ní fa nǹkan kan. Èrò méjèèjì tó bá ara wọn mu tó bẹ́ẹ̀ nínú ayé tiwa kò bá ara wọn mu mọ́ nígbà tí ìhà kan bá ti yọ.

Ìyẹn kò wá túmọ̀ sí pé ìwúwo kò ṣe nǹkan kan nínú ayé oníhà mẹ́ta. Andrzej Staruszkiewicz, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, ló kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lọ́dún 1963, Stanley Deser, Roman Jackiw àti Gerard 't Hooft sì ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké lọ́dún 1984. Ẹ lè fi sísọ́ọ̀sì ṣe ohun tí wọ́n rí. Ẹ gé bébà ní róbótó, kí ẹ fa ìlà méjì láti àárín rẹ̀ dé etí tí igun àárín wọn jẹ́ 60 dígíríì, kí ẹ gé apá náà dànù, kí ẹ sì lẹ etí méjèèjì pọ̀. Kóònù ló máa dà. Ohun tó ní ìwúwo wà ní ṣóńṣó orí rẹ̀; bí ìwúwo náà bá ti pọ̀ tó ni igun tí a gé kúrò yóò ti tóbi tó. Ní gbogbo ibi yòókù, bébà ṣì ni bébà, kò tẹ̀ rárá: igi ìṣáná tí a bá gbé yípo ibikíbi tí kò yí ṣóńṣó náà ká yóò padà bí ó ṣe lọ. Ẹ̀dá tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣóńṣó náà yóò dúró síbẹ̀ títí láé, kò sí ohun tó ń fà á.

Àmọ́ ẹ fa ìlà gbọọrọ méjì tó ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ọ̀kan gba ọ̀tún ṣóńṣó náà kọjá, kí èkejì gba òsì. Wọ́n á pàdé lẹ́yìn rẹ̀, igun tó wà láàárín wọn á sì jẹ́ 60 dígíríì, gẹ́gẹ́ bí èyí tí a gé. Ìmọ́lẹ̀ náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun àrà tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ìyàtọ̀ bóyá ìlà náà sún mọ́ ṣóńṣó tàbí ó jìnnà sí i. Igun náà kò yẹ̀. Nínú ayé tiwa, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó bá gba etí oòrùn kọjá ń yà ní 1.75 bí a bá pín dígíríì kan sí ọ̀nà 3,600, gẹ́gẹ́ bí Einstein ti ṣírò rẹ̀ kí àwọn onímọ̀ tó lọ wọ̀n ọ́n nígbà tí òṣùpá bo oòrùn ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá sì ti jìnnà sí oòrùn tó ni yíyà náà ń kéré tó. Dídínkù yẹn gan-an ni àmì pé àyè tó wà ní ìta oòrùn tẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ti ayé oníhà méjì, ọ̀kan fún àyè, ọ̀kan fún àkókò, kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Níbẹ̀, apá òsì ìdọ́gba Einstein, èyí tó ń sọ bí àyè ṣe tẹ̀, jẹ́ òdo láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, bó ti wù kí ojú náà tẹ̀ tó. Nínú òfìfo, ìdọ́gba náà ń sọ pé òdo jẹ́ òdo, kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Bí a bá sì gbé ohun tó ní ìwúwo síbẹ̀, ó ń sọ pé kò gbọ́dọ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ ní òòfà nínú irú ayé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ohun mìíràn kún ìdọ́gba náà.

Ó yẹ kí n tún fi ààlà kan sí ọ̀rọ̀ mi. Ìgbà tí a kò bá fi iye tí Einstein fi kún ìdọ́gba rẹ̀ lọ́dún 1917 sí i ni òfìfo oníhà mẹ́ta ń wà ní pẹrẹsẹ. Bí a bá fi í sí i, òfìfo náà á tẹ̀, ṣùgbọ́n bákan náà ni yóò ṣe tẹ̀ níbi gbogbo àti ní gbogbo ìhà, kò sí ibi tí ìtẹ̀ ti pọ̀ ju ibòmíràn lọ. Síbẹ̀, lọ́dún 1992, Máximo Bañados, Claudio Teitelboim àti Jorge Zanelli fi hàn pé bí iye náà bá wà ní ìsàlẹ̀ òdo, ihò dúdú, ìyẹn ibi tí ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò ti lè jáde, lè wà nínú ayé oníhà mẹ́ta. Bí a ṣe so àyè náà pọ̀ mọ́ ara rẹ̀ ló sọ ọ́ di ihò dúdú, gẹ́gẹ́ bí bí a ṣe lẹ bébà pọ̀ ṣe sọ ọ́ di kóònù. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú àwọn ohun tó rẹwà jù tí mo tíì kọ́.

Èyí tí n kò lè fi sílẹ̀ ni ìgbì òòfà, ìyẹn ìtẹ̀ tó ń mì tó sì ń rìn lọ nínú àyè. Iye ọ̀nà tí ìgbì náà lè gbà mì ni pé kí ẹ mú iye ìhà, kí ẹ fi iye ìhà tí a yọ 3 kúrò lára rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì pín in sí méjì. Fún ìhà mẹ́ta, òdo ni: ìgbì kò sí. Fún ìhà mẹ́rin, méjì ni. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, àwọn ẹ̀rọ LIGO méjì tí a fi ń wá ìgbì òòfà ní Amẹ́ríkà, tí apá kọ̀ọ̀kan wọn gùn ní kìlómítà 4, gbọ́ ìgbì tí ihò dúdú méjì dá sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wọnú ara wọn. Ó lé ní bílíọ̀nù kan ọdún tí ìgbì náà ti ń bọ̀ nínú òfìfo, nígbà tó sì dé, apá kan gùn nígbà tí èkejì kúrú, ní ìwọ̀n tó kéré gan-an sí ìbú prótọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, ohun tíńtín tó wà nínú átọ́ọ̀mù. Ìnà àti ìfún tí mo fi bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ ṣàlàyé lókè náà ni.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ tún gbólóhùn náà ṣe nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀, kí ó kà pé níbi tí kò bá ti sí ohun kankan, tẹ́ńsọ̀ Ricci a máa jẹ́ òdo, ṣùgbọ́n àyè ṣì lè tẹ̀ nítorí Weyl. Bí ẹ bá sì tún ń wá àwòrán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi awọ rọ́bà náà sílẹ̀, kí ẹ ya àwọn bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ róbótó tó ń jábọ́, èkíní bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, èkejì bí wọ́n ṣe gùn tí wọ́n sì fún lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọmọ kan bá bi yín pé kí ló fà wọ́n gùn, ẹ ó rí èsì fún un.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ físíìsì kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín